Ẹ Má Tíì Sọ Ọ́ Di Ọjà

Ìbéèrè:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹni ọdún 39 ni mí, Ọbáńtókò ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mo sì ń ṣe ní Òkè-Mosàn. Mo ń to fáìlì, mo ń tẹ lẹ́tà, mo sì ń dá àwọn àgbà tó wá béèrè owó ìfẹ̀yìntì wọn lóhùn. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíràmà, èmi ni àwọn olùkọ́ máa ń pè pé kí n wá ya àwòrán sójú pátákó. Láti ìgbà tí mo ti bí àwọn ìbejì mi, n kò ya nǹkan kan mọ́. Ọkọ̀, ọ́fíìsì, ọbẹ̀, iṣẹ́ àmúrelé àwọn ọmọ, oorun: bí ọjọ́ mi ṣe ń lọ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa sín ìlẹ̀kẹ̀ tà, pé iṣẹ́ ọwọ́ máa ń múnú ẹni dùn, owó á sì tún wọlé. Ọkọ mi ní eré ọmọdé ni gbogbo rẹ̀. N kò lówó ìgbafẹ́, n kò sì ráyè. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"
Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o. Èdùmàrè á bá wa wò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ó jọ pé ọ̀rẹ́ yín ti ń tì yín síbẹ̀. Ẹ má tíì ṣe é. Ìlẹ̀kẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo sì mọ àwọn ìyá tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sísín rán ọmọ dé yunifásítì. Àmọ́ ohun tí ẹ bi mí kọ́ nìyẹn. Ẹ ní bákan náà ni ọjọ́ yín ń rí. Tí ẹ bá wá gbé ọjà títà lé e lórí, ẹ ó ní oníbàárà tí yóò máa pè ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ ó ní ẹni tó rajà àwìn tí kò gbé fóònù mọ́, ẹ ó tún ní ẹni tó ní kí ẹ tú gbogbo rẹ̀ kí ẹ tún un sín torí pé àwọ̀ rẹ̀ kò bá gèlè òun mu. Ẹ ti ní ọ́fíìsì méjì nìyẹn.

Nílùú wa yìí, kò sí ohun tí ènìyàn mọ̀ ọ́n ṣe tí wọn kò ní sọ fún un pé kó máa tà. Ẹ se ìrẹsì tó dùn níbi ìsọmọlórúkọ, kí ẹ tó fọwọ́ tán, ẹnì kan á ti ní, "Ẹ ò ṣe máa gba iṣẹ́ òde?" Ẹ di irun ọmọ yín kó dára, aládùúgbò á ní kí ẹ gba ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ ìdí rẹ̀. Owó oṣù kò tó ná, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá àfikún, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó yẹ kí ohun kan kù nínú ayé yín tí ẹnikẹ́ni kò san owó rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè wá gbowó rẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èrò tèmi nìkan. Ní 1973, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Yunifásítì Stanford. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn àwòrán yíyà ni wọ́n ṣà jọ. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀rí olóǹtẹ̀ wúrà fún àwọn kan tí wọ́n bá yàwòrán. Àwọn kan yà á tán kí wọ́n tó bá ẹ̀bùn náà lójijì. Wọn kò fún àwọn yòókù ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n tún kó gègé aláwọ̀ sí àárín wọn láìsọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn rárá. Àwọn tó ti yàwòrán tẹ́lẹ̀ nítorí ìlérí kò fi bẹ́ẹ̀ dá sí gègé náà mọ́. Àkókò tí wọ́n lò nídìí rẹ̀ kò ju bí ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tó bá ẹ̀bùn lójijì kò ní ìṣòro kankan. Ẹ rí i pé ẹ̀bùn gan-an kọ́ ló ba nǹkan jẹ́. Àdéhùn tó ṣáájú rẹ̀ ni.

Èmi náà rí i láàárín àwọn òṣìṣẹ́ oṣù tó ń wá kọ́ àdìrẹ lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá ti fọkàn sí iye tí yóò tà á láti ìbẹ̀rẹ̀, aṣọ tí gbogbo ayé ń ṣe ló máa ń ṣe, torí òun ló mọ̀ pé yóò tà. Ẹni tó wá fi ọwọ́ ṣeré ló máa ń dán ohun tí n kò rí rí wò. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í dára. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ṣí aṣọ náà nínú aró, ẹ máa gbọ́ ariwo wọn dé títì.

Ó dáa, tí kò bá jẹ́ ọjà, kí ni? Ẹ ní ẹ kò ráyè, mo sì gbà yín gbọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní sọ pé kí ẹ lọ wá àyè níbòmíràn. Inú iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ ti wá a, kí n sì sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ.

Àwọn aláàdìrẹ ìlú yìí kò ṣe aṣọ fún fàájì. Òwò ni. Oníbàárà ló ń sọ irú èyí tó ń fẹ́, aró ẹ̀lú kò sì ju búlúù lọ, ì báà fẹ́lẹ́, ì báà dúdú kirikiri. Àwọn bátànì náà ní orúkọ tí gbogbo ọjà mọ̀. Nínú àdìrẹ oníko, wọ́n á fi ìko di òkúta tàbí kóró èso mọ́ aṣọ kí aró má baà dé ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe Oṣù Bàm̀bà nìyẹn, òṣùpá ńlá tí àwọn ìràwọ̀ kéékèèké yí ká. Nínú ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń tẹ́ sójú aṣọ. Àwọn obìnrin Ìbàdàn gbajúmọ̀ fún fífi ìyẹ́ adìyẹ ya tiwọn. Níbí, àwọn ọkùnrin a máa gé bátànì sára páànù, wọ́n á gbé páànù náà lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀. Tó bá gbẹ, ó di inú ìkòkò aró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á há ẹ̀kọ kúrò, ibi tí ó bò á sì mọ́lẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ wò ó bí òfin ṣe pọ̀ tó nínú iṣẹ́ yìí! Bátànì ti wà, àwọ̀ ti wà, iye tí wọn yóò tà á ti wà. Síbẹ̀, tí ẹ bá tẹ́ aṣọ méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà sílẹ̀ ní ọjà àdìrẹ Ìtokù, ẹni tó mọ iṣẹ́ á sọ fún yín pé ọwọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n. Ọ̀kan á sé ìràwọ̀ rẹ̀ mọ́ra wọn, èkejì á fi àyè sílẹ̀. Aláàdìrẹ á pín ojú aṣọ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, oníbàárà á sọ ohun tó fẹ́ kó wà lórí aṣọ náà, ṣùgbọ́n bí ẹyẹ inú igun kan yóò ṣe tẹ orí, ọwọ́ oníṣẹ́ ló kù sí. Ibi kékeré tí ọ̀gá, oníbàárà àti òfin kò dé yẹn ni mò ń bá a bọ̀. Gbogbo iṣẹ́ ló ní in, tiyín náà ní.

Ẹ jẹ́ ká wò ó ní Òkè-Mosàn. Ẹ kò lè fọwọ́ kan bí lẹ́tà ìjọba ṣe gbọ́dọ̀ rí, ẹ má sì dán an wò, ìwé ìkìlọ̀ ni ẹ ó gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ní àwọn tó wá béèrè owó ìfẹ̀yìntì ń kọjá lọ́dọ̀ yín. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi kan lọ sí irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ rí (n kò sọ pé tiyín ni). Wọ́n ní ká lọ sí yàrá kan, yàrá yẹn ní ká lọ sókè, òkè ní ká padà sísàlẹ̀. Orúnkún ẹ̀gbọ́n mi kò gba àtẹ̀gùn mọ́. Kò sí ẹni tó hùwà ibi sí wa, wọn kò kàn rí ẹni fi ọ̀nà hàn wá ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwòrán yà, kí ló dé tí ẹ kò fi ya àwòrán ilé yẹn sórí ìwé kan ṣoṣo: ẹnu ọ̀nà rèé, àtẹ̀gùn rèé, ibi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù rèé, ilé ìtura rèé, àga wà níbí? Ẹ fi Yorùbá kọ ọ́ gàdàgbà kí àgbà lè kà á. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá yín kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó lè gbà yín ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán bíi mélòó kan, owó rẹ̀ kò sì ju ti ìwé àti gègé lọ.

Àwọn olùwádìí méjì, Amy Wrzesniewski àti Jane Dutton, tí wọ́n kọ nípa irú nǹkan báyìí ní 2001, lo àpẹẹrẹ àwọn tó ń fọ ilẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe lórí ìwé. Àwọn kan gbálẹ̀, wọ́n nulẹ̀, wọ́n lọ sílé, wọn kò sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn a máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀, wọ́n á wo ìgbà tí ọwọ́ nọ́ọ̀sì dí kí wọ́n tó wọ yàrá, wọ́n sì ka ara wọn mọ́ àwọn tó ń wo aláìsàn sàn. Kò sẹ́ni tó fi owó kún owó wọn. Mo fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí, àmọ́ n kò fẹ́ kí ọ̀gá kankan gbọ́ ọ gbọ́ àṣìgbọ́: ẹni tó ń dùn mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ náà ń jẹun, kí wọ́n san owó rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ìyẹn ti ibi iṣẹ́. Ní ti àwòrán fúnra rẹ̀, ẹ ra ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan, èyí tó ní ewé 40. Ẹ má ra ìwé olówó gọbọi, torí ẹ̀rù á máa bà yín láti bà á jẹ́. Bíróò ni kí ẹ lò, kì í ṣe pẹ́ńsù, kí ẹ má baà máa pa á rẹ́. Lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó sùn, ẹ ya ohun kan ṣoṣo tí ẹ rí lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Tó bá ṣe wúruwùru, kó ṣe wúruwùru. Ọwọ́ tó ti sinmi fún ọdún púpọ̀ kò ní yà bíi ti ìgbà tí ẹ wà nílé ẹ̀kọ́, ẹ má sì fi wé e. Ẹ kọ déètì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp. Bí ẹ bá ti gbé e síbẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ẹni tó wò ó, ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí olóǹtẹ̀ wúrà nìyẹn tún dé.

Àǹfààní ìwé yìí kò sí lálẹ́ nìkan. Tí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ máa ya ohun kan, ojú yín á bẹ̀rẹ̀ sí í wá a láti àárọ̀. Ojú ọ̀nà tó ti sú yín yẹn á ní nǹkan nínú: pátákó onígbàjámọ̀ tí ẹnì kan fi ọ̀dà ya orí mẹ́fà sí, ọ̀rọ̀ tí onílọ́rì kọ sẹ́yìn ọkọ̀, ìyá alákàrà tó to ike omi bí ògiri kí atẹ́gùn má pa iná rẹ̀. N kò mọ oògùn tó rọrùn ju èyí lọ fún ọjọ́ tó bá rí bákan náà.

Nílé ńkọ́? Ẹ má fi kún iṣẹ́ ilé. Ẹ ní ìbejì, ẹ sì ní ẹnu Yorùbá. Iṣẹ́ ọnà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n ti ń ki wọ́n ní Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn kí ẹ tó bí wọn. Ẹ fi tiyín kún un. Ẹ ki Táíwò ní ohun tó ń ṣe gan-an, Táyé a-wọ-bàtà-òsì-sẹ́sẹ̀-ọ̀tún. Ẹ ki Kẹ́hìndé a-jí-láàárọ̀-béèrè-oúnjẹ-alẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì béèrè pé kí ẹ tún un kì. Bí ẹ bá ń ṣa ewédú, ẹ pa àlọ́ tuntun. Kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́ wọn nílé ẹ̀kọ́. Ti nǹkan inú ilé yín ni kí ẹ pa. "Ààlọ́ o! Ó ń bú ramúramù lẹ́yìnkùlé, kì í jẹ ẹran, epo ló ń mu." Jẹnẹrétọ̀ ni. Kí àwọn náà pa tiwọn nípa fíríìjì, nípa mítà iná, nípa bàbá wọn tó bá ń sùn nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ó rí i pé ọpọlọ tí ẹ rò pé ó ti kú ṣì wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ tún ṣe ohun kan. Àwọn àwo tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ tò de àlejò, ẹ kó wọn jáde lọ́jọ́ Wẹ́sìdé kan, kí ẹ bu láfún àti ewédú sínú wọn fún ara yín. Tí ọ̀kan bá fọ́, ó fọ́. Àlejò tí ẹ ń retí yẹn ti pẹ́ jù.

Bí owó ọkọ̀ bá yọ lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sórí Olúmọ, kí ẹ mú ìwé yẹn dání. Abẹ́ àpáta yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830, àwọn ọmọ á kọ́ ìyẹn nílé ẹ̀kọ́, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí ni òrùlé. Láti òkè, gbogbo páànù ìlú wa ló dógùn-ún, kò sì sí méjì tó pọ́n bákan náà. Ẹ jókòó, kí olúkúlùkù ya òrùlé kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò. Ẹ ní ọjọ́ yín rí bákan náà. Ẹ kò ní ohunkóhun kò dùn mọ́ yín rárá. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu, tí oorun kò wá tàbí tí kò tán lójú, tí àwọn ọmọ ń ṣeré tí kò dé inú yín, tàbí tí ọkàn yín ń sọ pé ó sàn kí ẹ má sí, ẹ pa ìwé àti bíróò tì, kí ẹ lọ rí dókítà. Mo mọ̀ pé tí a bá dárúkọ Arò, ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú, ní Abẹ́òkúta, ẹ̀rín ni àwọn ènìyàn máa ń rín. Ẹ̀rín òpè ni. Ọmọ ìlú yìí, Dókítà Adéoyè Lámbò, ló bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ ní 1954 tí gbogbo ayé wá kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀: aláìsàn kò sí nínú àhámọ́, abúlé tó wà nítòsí ni òun àti ẹbí rẹ̀ ń gbé, láàárín àwọn àgbẹ̀, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ó ń bá wọn ṣeré, ó sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tí ti yín kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fojú fo ìpínrọ̀ yìí.

Ó ku ọkọ yín. Ó ní eré ọmọdé ni. Ẹ má bá a jiyàn, eré ni lóòótọ́, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹ ṣe é. Ẹ kàn bi í pé kí ni òun náà pa tì. Ó ṣòro kí ọkùnrin Abẹ́òkúta tó ti lé ní ogójì ọdún má ní nǹkan kan tó fi sílẹ̀: ayò, díráfù, gìtá, bọ́ọ̀lù, orin ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ bá a ṣe àdéhùn pé òun á mójú tó iṣẹ́ àmúrelé àwọn ọmọ lálẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹ̀yin náà á jẹ́ kó lọ ta ayò tirẹ̀ lọ́jọ́ méjì láìpè é lórí fóònù. Mo ti rí ilé tí àdéhùn yìí ti dùn ju àwòrán lọ.

Ní ti ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀rẹ́ yín, ẹ sọ fún un pé ẹ ó dá a lóhùn tí ìwé ewé 40 yẹn bá kún. Tí ọkàn yín bá ṣì fẹ́ ta nǹkan nígbà náà, ẹ ta á, kí ẹ ṣáà fi ìwé yẹn sílẹ̀ láìtà. Tó bá sì jẹ́ pé aró ló wá ń wù yín, ẹ yà sí Ìtokù lọ́jọ́ tí ọjà kò bá gbóná, kí ẹ bẹ ìyá kan nínú wọn kó jẹ́ kí ẹ jókòó wòran. Kí ẹ mú aṣọ funfun ògbólógbòó kan dání, kó jẹ́ òwú pọ́ńbélé. Bùbá ìgbéyàwó tó ń dán yẹn, pọliẹ́sítà ló wà nínú rẹ̀, aró ẹ̀lú kò ní mú un.